Fótò Ìrìn-àjò: Ohun tí Ojú Ń Wá àti Ẹrù tí Ọwọ́ Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò òní dá lórí fótò yíyà lójú ìrìn-àjò: irú fótò tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò yà, àti irú ẹrù tí ó yẹ kí ó dì kí ó tó jáde nílé. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Ojúde Ọba rí yóò mọ̀ pé ó ju eré lọ.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń yan bọ̀ níwájú ààfin, ọwọ́ tí ó gbé fóònù àti kámẹ́rà sókè a máa pọ̀ ju ọwọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ilẹ̀ a ṣú, olúkúlùkù a padà sí Èkó, sí Ìbàdàn, sí Abẹ́òkúta, sí ìlú òkèèrè. Fótò inú fóònù ẹnì kan ṣoṣo lè tó ẹgbẹ̀ta. Bí a bá wá bi í léèrè pé, ‘Ta ni ìyá arúgbó yìí tí ó wọ sányán? Inú ẹgbẹ́ wo ni wọ́n wà? Kí ni wọ́n ń sọ nígbà tí o yà wọ́n?’ kò ní rí èsì kan fọ̀. Ó rí aṣọ, kò rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ayé òde òní ti fi ojú kẹta kún méjì tí àlejò ní, síbẹ̀ ìríran rẹ̀ kò tíì pọ̀ sí i.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjíròrò yìí nìyí: kí ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò ṣe kí fótò rẹ̀ tó ní ìtumọ̀, fún òun àti fún ẹni tí ó yà? Èsì rẹ̀ kò fi gbogbo ara sí lọ́wọ́ kámẹ́rà. Ó wà lọ́wọ́ mímọ ohun tí ènìyàn ń wò, mímọ orúkọ ẹni tí a yà, àti kí ẹni náà mọ̀ pé a ya òun. Ẹrù tí a ó dì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Kí á tó kan ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí fótò jẹ́ nílé Yorùbá. Ẹni tí ó bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò rí fótò lára ògiri, lókè pátápátá, nínú férémù, tí wọ́n so rọ̀ kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ń wo àwọn ará ilé nísàlẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì, agbádá kún itan, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ pé láti orí fìlà dé orí bàtà.

Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí òun náà jẹ́ ayafótò, ṣe ìwádìí lórí irú fótò báyìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé ìjókòó bàbá yìí ní òfin tirẹ̀, ó sì bá ohun tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá kà sí ẹwà ènìyàn mu: kí ara jọ̀lọ̀, kí ojú dákẹ́, kí ipò ẹni hàn. Èyí tí ó wúni lórí jù lọ nínú ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú kí wọ́n tó ya fótò pọ̀, ayafótò a ya èyí tí ó wà láàyè, a tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tí ó kù, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún un yà. Ìyá ọmọ a wá tọ́jú fótò yìí bí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń tọ́jú ère ìbejì.

Ilé tí fótò ti lè dúró dípò ọmọ tí ó kú kì í ṣe ilé tí àlejò ń já wọ̀ gììrì kí ó máa ya ènìyàn bí ẹni tí ń já ewé lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ìyá àgbà kan bá fi ìborùn bojú nítorí kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ àlejò a sọ pé ojú rẹ̀ kò là. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyá náà ni ó mọ iyì fótò ju àlejò lọ. Ó ń dúró de ẹni tí yóò kí i, tí yóò gbé àga fún un, tí yóò jẹ́ kí ó tún gèlè rẹ̀ wé. Àwọn ayafótò tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó fẹ́ràn láti sún mọ́ ojú ènìyàn, kí wọ́n gé e kúrò ní ejìká. Àgbàlagbà tí ó bá rí irú fótò bẹ́ẹ̀ a bèèrè ibi tí wọ́n gbé ara òun sí. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ ya èyí tí onílé fẹ́, kí ara rẹ̀ pé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò ní bínú bí a bá ya èyí tí ó wu àwa náà.

Àwọn ayafótò méjì kan wà tí ìrìn-àjò wọn lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan jẹ́ àlejò, èkejì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ìlú Paris ni wọ́n bí Pierre Verger sí ní 1902. Ní 1932 ni ó kọ́ fótò yíyà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń káàkiri ayé fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá. Ní 1946 ó dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí ó ti bá àrọ́mọdọ́mọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pàdé, tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun. Ní 1948 ó ré òkun kọjá wá sí ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, tí a ń pè ní Benin lónìí, ó sì rìn dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1953 ó di babaláwo ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kì í ṣe gbogbo ayafótò ni yóò di babaláwo, a kò sì ní kí wọ́n dì í. Ohun tí ọ̀rọ̀ òní fẹ́ mú lò nínú ìtàn rẹ̀ ni kámẹ́rà tí ó gbé kọ́rùn.

Rolleiflex ni kámẹ́rà náà. Àpótí olójú méjì ni, tí ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Awò rẹ̀ kò ṣe é yọ láti fi òmíràn rọ́pò. Fíìmù kan nínú rẹ̀ kò gbà ju fótò méjìlá lọ. Láti òkè ni a ti ń wo inú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń lò ó ní láti gbé e sí àyà, kí ó sì tẹrí ba. Kámẹ́rà náà kò bo ojú ayafótò mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yà ń rí ẹni tí ń ya òun. Ní ilẹ̀ tí ọmọkùnrin ti ń dọ̀bálẹ̀, tí ọmọbìnrin sì ń kúnlẹ̀, ẹ̀rọ tí ń mú àlejò tẹrí ba níwájú onílé kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti ìsàlẹ̀ ni ó sì ti ń wo ènìyàn lọ sókè. Ìdí nìyí tí àwọn alágbàṣe àti apẹja inú fótò Verger fi máa ń ga, tí wọ́n sì ń dúró bí ìjòyè.

Verger tún ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í ṣe. Ó máa ń gbé fótò àwọn olórìṣà Bahia wá fún àwọn olórìṣà ní ìhín, a sì gbé ti ìhín lọ sí ọ̀hún. Àwọn tí òkun pín níyà láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn rí ilẹ̀kẹ̀ kan náà lọ́rùn ara wọn, wọ́n rí ijó kan náà. Nígbà tí ó kú ní ìlú Salvador ní 1996, fíìmù tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lọ.

J. D. ’Okhai Ojeikere ni èkejì. Ọmọ Emai ni, ní apá ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, wọ́n sì bí i ní 1930. Kámẹ́rà Brownie, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àpótí lásán lọ, ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ó ṣiṣẹ́ nínú iyàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò fún ìjọba ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di ayafótò fún WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ní 1968 ni ìbéèrè kan ṣoṣo gbà á lọ́kàn: báwo ni àwọn obìnrin Nàìjíríà ṣe ń di irun wọn? Ìbéèrè yìí ni ó ń gbé rìn káàkiri. Ó ń ya irun lójú pópó, níbi ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, kí irun lè hàn bí ère. Ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀: ṣùkú, onílé-gogoro, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fótò irun náà tó ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n gbé wọn lọ síbi àfihàn ńlá ní Kassel ní ilẹ̀ Jámánì ní 2007, àti ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó rí lọ́nà ni ó ń yà, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá tú àpò ayafótò wò. Nǹkan tí àwọn ọ̀dọ́ ń rù lọ sí Ojúde Ọba a máa ṣe ni ní kàyééfì: kámẹ́rà méjì, awò mẹ́rin, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, iná, àti oríṣiríṣi okùn. Nígbà tí ó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, èjìká ti wó. Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn kì í kí ènìyàn dáadáa. Kì í lè bẹ̀rẹ̀ fún àgbà, kì í lè gba kòkó ẹran tí wọ́n bá nà sí i, ọkàn rẹ̀ a sì máa wà lára àpò nítorí olè.

Kámẹ́rà kan àti awò kan tó fún ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò. Bí ó bá jẹ́ awò onímìlímítà 35, ènìyàn ní láti sún mọ́ ẹni tí ó fẹ́ yà tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ibi tí ó sún mọ́ ọn dé yẹn, kò lè ṣe kí ó má kí i. Awò onímìlímítà 50 ń wo nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ojú ènìyàn ṣe ń wò ó, òun náà dára. Awò gígùn, bíi ti 200, ń fa ẹni tí ó wà lókèèrè súnmọ́ni. Ó wúlò fún ẹṣin, nítorí ẹṣin tí ìbọn ṣàkàbùlà ń dún létí rẹ̀ kò ṣe é bá dúró. Ṣùgbọ́n fún ojú ènìyàn, awò gígùn a máa sọ ayafótò di amí. Ẹni tí ó bá sá sẹ́yìn igi kí ó tó ya àgbàlagbà mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ẹni tí kò bá ní ju fóònù lọ kò gbọdọ̀ rò pé òun kò lè ṣe nǹkan kan. Awò fóònù gbòòrò. Bí a bá gbé e sún mọ́ ojú jù, imú a wú, etí a sá sẹ́yìn. Kí ó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, kí ó jẹ́ kí ara ẹni náà pé, bí àwọn àgbà ti fẹ́. Ìyẹn nìkan a máa sọ fótò fóònù di fótò pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé òun ni ó ń ba fótò àwọn ènìyàn wa jẹ́ jù. Kámẹ́rà kì í mọ ènìyàn; ó ń wá àárín gbùngbùn láàárín funfun àti dúdú ni. Bí bàbá kan bá wọ agbádá funfun nínú oòrùn ọ̀sán, kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a dín in kù. Agbádá a hàn kedere, ojú bàbá a di èédú, fìlà a sì tún fi òjìji bo ojú mọ́lẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí á fi ojú ènìyàn wọn ìmọ́lẹ̀ dípò aṣọ. Lórí fóònù, kí á fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì kí á tó yà á. Kò sí ohun tí ó burú bí aṣọ bá funfun jù díẹ̀. Ojú ni a wá wò.

Àwọn tí ó ṣe fíìmù ní ìjelòó náà ní ẹ̀bi tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fótò, kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n àwọ̀. Obìnrin òyìnbó ni ó wà lórí káàdì náà. Bí àwọ̀ tirẹ̀ bá ti dára, wọ́n gbà pé àwọ̀ gbogbo ayé dára. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ń wo fótò ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́, tí ó ń sọ pé òun kò dúdú tó báyìí, òtítọ́ ni ó ń sọ. Lẹ́yìn 1980 ni àtúnṣe tó mọ́yán lórí bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a.

Àkókò ṣe kókó pẹ̀lú. Kí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù, àti lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wá láti ẹ̀gbẹ́, ó ń ràn sábẹ́ fìlà àti gèlè. Bí iṣẹ́ bá kan ọ̀sán gangan, kí á bẹ ẹni náà kí ó bọ́ sábẹ́ ìbòji, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Fún ẹṣin tí ń fò, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí kí ó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á di kùrukùru.

Àwọn ẹrù kéékèèké tí ó kù kò gba àsọtúnsọ. Bátìrì méjì àti páwà báǹkì, kí wọ́n ti gba iná tán ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí iná mànàmáná kì í bá ènìyàn ṣe ìpàdé. Káàdì méjì. Aṣọ òwú kékeré láti fi nu awò. Àpò ọ̀rá tí ó tó bo kámẹ́rà, nítorí òjò. Ojúde Ọba ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, àárín òjò gan-an. Iléyá máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Nígbà tí ó bá fi máa di 2030, yóò ti bọ́ sí oṣù Kẹrin. Ẹni tí ń dirù gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀run kí ó tó wo ọjà. Ẹrù tí ó fúyẹ́ jù lọ, tí a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé, ni ìwé kékeré àti bírò. Orúkọ, ìlú, agboolé, orúkọ aṣọ, ọjọ́: ìlà márùn-ún péré.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á fi ẹrù yìí jáde. Ní Ojúde Ọba, ibi tí gbogbo ènìyàn ń dúró sí ni iwájú ààfin, níbi tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bí Bọ́bagbìmọ̀, Gbọ́baníyì, Arọ́báyọ̀ àti Jagunmólú ti ń kọjá. Fótò ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó yà á. Fótò tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ fẹ́ràn jù sábà máa ń jẹ́ ti ìdájí: ìyá kan tí ń wé gèlè fún ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹbí, aránṣọ tí kò sùn mọ́jú nítorí aṣọ ẹgbẹ́, ọmọkùnrin tí ń fọ ẹṣin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò gùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń wọlé. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, ‘Ẹ kú ọdún o, Màmá. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.’ Màmá á ní, ‘Àṣẹ o. Ọmọ ta ni ọ́?’ Kí ó dáhùn dáadáa, kí ó sọ ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó fẹ́ fi fótò ṣe, kí ó tó bèèrè pé, ‘Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n ya fótò yín, Mà?’ Bí Màmá bá ní rárá, rárá náà ni.

Ìtàn tí ó wà lẹ́yìn fótò kò kéré sí fótò náà. Ní Ojúde Ọba ọdún 2024, fótò Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀: awò dúdú lójú, sìgá lẹ́nu, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ sókè. Àwọn ènìyàn ń gbóríyìn fún afẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fótò náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún un wò lẹ́yìn èyí rí ohun mìíràn: ó rí ẹni tí ikú ti wò lójú tí ó ṣì gun ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni fótò ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń júbà Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí oyè ní 1960. Kábíyèsí wàjà ní oṣù Keje 2025. Àwọn fótò tí a yà bí ohun ọdọọdún lásán ti di ìtàn, èyí tí a kọ ọjọ́ àti orúkọ sí lẹ́yìn sì níye lórí ju ìyókù lọ.

Kì í ṣe ibi tí èrò pọ̀ sí nìkan ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní fún ayafótò. Erédò Súngbọ́ wà níbẹ̀, yàrà àti ògiri erùpẹ̀ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀, ó tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ní 1999 ni ìwádìí Patrick Darling, onímọ̀ láti Yunifásítì Bournemouth, sọ ọ́ di ìròyìn káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀bú ti ń rìn létí rẹ̀ lọ sóko láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó bá lọ ya Erédò a máa padà pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí pé igbó ni ó rí nínú fótò rẹ̀. Igi ti bo ibẹ̀, òkùnkùn sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kí ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ lọ dúró nísàlẹ̀ yàrà, kí ayafótò wà lókè. Nígbà tí ojú bá rí bí ènìyàn ti kéré tó nísàlẹ̀, ni yóò tó mọ iye erùpẹ̀ tí ọwọ́ gbẹ́ jáde. Níbí yìí ni igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti wúlò, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Bí a kò bá gbé e wá, kí á fi ara ti igi, kí á mú èémí dúró. Ní Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n sọ pé sàréè Bílíkísù Súngbọ́ wà, ìlànà ibẹ̀ ni kí á bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kí á tó yọ kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ ìlànà yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà Agẹmọ. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún a máa rìn láti ìlú wọn, pẹ̀lú ẹrù wọn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fi ojú kàn wọ́n lójú ọ̀nà náà. Awuyewuye wà lórí èèwọ̀ yìí ní ayé òde òní, àwọn kan ń bèèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jókòó sílé. Àwọn onílé ni yóò yanjú ìyẹn láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n ayafótò tí ó fi ara pamọ́ kí ó lè ya ohun tí wọ́n fi pamọ́, tí ó sì gbé e fún gbogbo ayé wò, ti gba ẹjọ́ náà dá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tí yóò rí fótò náà kò ní òǹkà. Ọmọ ilé tí ó bá mú un wọ̀lú ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ nígbà tí òun bá ti wọ mọ́tò lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ dídá fótò padà. ‘Ẹ máa rí i’ ni ìlérí tí ó pọ̀ jù lẹ́nu ayafótò, òun náà ni ó sì ń já jù. Ìyá àgbà a dúró títí ọdún yóò fi yípo. Nígbà tí ayafótò mìíràn bá dé ní ọdún kejì, ilẹ̀kùn a ti tì, ẹni tí kò ṣẹ̀ yóò wá jẹ nínú ẹ̀bi ẹni tí ó ṣẹ̀. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ fótò wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, fótò kan lórí pépà kò sì wọ́n tó owó ọkọ̀ tí a fi wá. Kí arìnrìn-àjò fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ rẹ̀. Kí ó tẹ ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ìlú òkèèrè lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ilé, ṣùgbọ́n fóònù a máa bàjẹ́, wọn a máa jí i, a sì máa jábọ́ sínú omi. Èyí tí ó wà lórí pépà ni ó ń pẹ́ lára ògiri.

Kí ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe bírò, nítorí yíǹkì bírò a máa là kọjá sójú fótò bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, kí ó sì kà á sókè sétí onílé kí ó tó kúrò, nítorí pé Màmá lè ní, ‘Rárá o, ọmọ mi, ìyẹn kì í ṣe Àbíkẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni.’